Páàkì tí ajá ti ń sáré, tó sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ láìsí okùn lọ́rùn: ǹjẹ́ àwa ará Àbújá lè ní irú rẹ̀?

Ará Gwarinpa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alájá Àbújá àti agbègbè rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin dé láti Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ohun kan sì wà tí mo rí níbẹ̀ tí ọkàn mi kò tíì kúrò lórí rẹ̀.

Àbúrò mi ń sin ajá Labrador kan. Ó ní kí n bá òun mú un lọ sí páàkì àwọn ajá tí wọ́n ń pè ní Millie Bush Bark Park. Inú George Bush Park ló wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Millie ni ajá tí Ààrẹ George H. W. Bush àti ìyàwó rẹ̀ ń sìn nígbà tí wọ́n wà ní White House, òun ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ilẹ̀ náà tó éékà 13, wọ́n fi wáyà yí i ká, wọn kì í sì í gbowó lẹ́nu géètì.

Láti ẹnu ọ̀nà ló ti hàn pé àwọn tó ṣe é mọ ajá. Géètì méjì ló tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ ó wọ ti àkọ́kọ́, ẹ ó tì í, ẹ ó tú okùn lọ́rùn ajá yín láàárín méjèèjì, kí ẹ tó wá ṣí ti inú. Kò sí bí ajá ṣe máa já bọ́ sójú títì. Àwọn ajá ńlá ní ọgbà tiwọn, àwọn kéékèèké ní tiwọn lọ́tọ̀, adágún omi sì wà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Etí adágún ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé ajá lè fẹsẹ̀ rìn wọlé, kó sì fẹsẹ̀ rìn jáde. Ẹ̀rọ omi wà tí ẹ ó fi ṣan ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e padà sínú ọkọ̀. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá yàgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọ̀rá kó o.

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni àbúrò mi ń jù sómi. Ajá á bẹ́ sómi, á gbé e wá, á gbọn omi ara rẹ̀ sí wa lára, á tún máa wò wá lójú pé kí a jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ajá tí kò mọ ara wọn rí ń sáré káàkiri, mi ò sì rí ìjà kankan. Mo ronú kan ajá Boerboel mi tó wà nínú kéèjì ní Gwarinpa, tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan là ń tú u sílẹ̀, inú mi ò sì dùn.

Níbí, etí Jabi Lake ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń mú ajá lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀: ọmọdé, ẹlẹ́ṣin, apẹja, ẹni tó ń jẹun. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè tú ajá sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan mọ ibi tó ní ọgbà yí i ká, tàbí ẹni tó ní ilẹ̀ tí a lè jọ lò.

Ìyá Lhasa, Lugbe

Ẹ káàbọ̀ sílé, ẹ̀gbọ́n. Sókè ni mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ọmọ mi.

Ajá kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní Lhasa ni mo ń sìn. Ìdí tí mi ò fi ń mú wọn jáde ni pé àwọn kan wà ládùúgbò wa tó máa ń ṣí géètì sílẹ̀ fún ajá ńlá wọn láàárọ̀. Ọ̀kan sáré gbé èyí àbúrò lẹ́nu lọ́jọ́ kan, orí ló kó o yọ. Olówó ajá dúró lókèèrè, ó ní eré ló ń ṣe. Nítorí náà, ọgbà ọ̀tọ̀ tí ẹ sọ yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju adágún lọ. Bí ẹ bá máa ṣe irú rẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé owó kò tó fún wáyà àárín.

Ẹ̀ṣọ́ Kubwa

Ìyá Lhasa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òótọ́ lẹ sọ. Ajá ńlá tó níwà tútù pàápàá, bí ohun kékeré bá ń sá tó sì ń ké níwájú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ tó wà lára rẹ̀ lè jí lójijì. Kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló dáa jù.

Iṣẹ́ ajá títọ́ ni mo ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa, mo gbóríyìn fún yín, ṣùgbọ́n ìgbé ayé Labrador àbúrò yín àti ti Boerboel yín kò jọra. Ajá Houston yẹn ti ń bá ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré láti kékeré. Èyí tó wà nínú kéèjì láti òwúrọ̀ di alẹ́, tó jẹ́ pé gbígbó mọ́ ohun gbogbo tó bá kọjá ni iṣẹ́ tí a kọ́ ọ, kò mọ bí ajá ṣe ń kí ajá. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá irú wọn wọ ọgbà kan náà lọ́jọ́ kan, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, adágún kò ní lè pẹ̀tù sí i.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń mú ajá méjì lọ síbi tí kì í ṣe ilé èyíkéyìí nínú wọn, pẹ̀lú okùn, kí wọ́n jọ máa rìn lọ sápá ibì kan náà, kí àyè tó fẹ̀ wà láàárín wọn. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọjú síra. Bí ọjọ́ ti ń lọ, mo ń dín àyè náà kù. Bí ara ajá bá gan, tí ìrù rẹ̀ nà sókè láìmì, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, mo ti fà á sẹ́yìn kó tó gbó. Ẹ má sì wo ìrù nìkan o! Ajá lè máa ju ìrù kó sì bu ni jẹ. Ẹ wo ojú, etí, èjìká, ẹ wo gbogbo ara. Èyí tó bá tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì gbé ìdí sókè, eré ló ń pe ẹnì kejì rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ géètì méjì tí ẹ sọ dùn mọ́ mi gan-an. Ajá tó wà lókùn láàárín àwọn tí kò sí lókùn mọ̀ pé òun ò ráyè sá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́kọ́ bu ni jẹ. Kí a tú okùn kó tó dé àárín wọn ló tọ́.

Ará Gwarinpa

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìyàwó mi ní bí ajá wa bá ń bá ajá ẹlòmíràn ṣeré, kò ní lè ṣọ́lé mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀ṣọ́ Kubwa

Rárá o. Kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ajá mọ ilé olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tó ti ń ṣeré. Èyí tó ń rìn dáadáa, tó sì ń rí nǹkan ojú ayé, ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń kọjá lọ àti ẹni tó ń fo ògiri. Èyí tí a tì mọ́lé ń gbó mọ́ gbogbo wọn títí tí ẹ kò fi ní dá a lóhùn mọ́, ọjọ́ tí olè bá wá gan-an, ẹ ó rò pé ariwo ojoojúmọ́ ni.

Dókítà Ẹran, Kàdúná

Ẹ kú ìjíròrò. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ń gbé wá bá wa, àìrìn ló ń bá wọn jà: wọ́n sanra jù, èékánná wọn gùn, inú sì ń bí wọn sí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ ṣíwájú wáyà àti adágún.

Dìgbòlugi kò ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti yọ. Nínú 100 ènìyàn tó ń kó o, nǹkan bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ọmọ ajá ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù mẹ́ta, a sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe òfin pé ajá tí kò ní káàdì abẹ́rẹ́ kò ní kọjá géètì àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ wa tàbí ti ẹbí. Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo tàbí irun ajá lé e, ẹ má sì dúró wò bóyá ajá náà á kú.

Abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tún wà, tó kan àwọn àrùn distemper, parvo àti leptospirosis. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni parvo fi ń pa ọmọ ajá, kòkòrò rẹ̀ sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ ajá tí kò tíì parí abẹ́rẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ajá ń tẹ̀. Leptospirosis ní tirẹ̀, omi ló ń bá rìn. Ìtọ̀ eku ló ń gbé e wọ adágún, ó ń gba ojú egbò, ojú àti imú wọlé, ó ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ènìyàn náà lè kó o.

Abo ajá tó ń wá akọ lásìkò, ẹ fi í sílé. Òun nìkan lè dá ogun sílẹ̀ láàárín akọ tí wọ́n ti jọ ń ṣeré tẹ́lẹ̀.

Alhaja, Wuse

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, Mùsùlùmí sì ni mí. Àwọn kan á ní kí ló kàn mí lọ́rọ̀ ajá. Ẹ̀sìn wa fàyè gba ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran àti ajá oko, ajá méjì sì wà lóko ọkọ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé àríwá la wà. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n máa fi kírun, ẹ má rí i bí ìkórìíra. Ibi yòówù kí ẹ lò, kó má jẹ́ ojú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ má sì kó ajá jọ lọ́sàn-án Jímọ̀. Ẹ lọ bá màì-ángúwà, ẹni tó jẹ́ olórí àdúgbò, kí ẹ ṣàlàyé fún un kí ẹ tó kó ajá kan débẹ̀. Bí ẹ bá ti bọ̀wọ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ni wọn á máa bá yín lé àwọn ọmọdé tó bá fẹ́ sọ òkúta lu ajá.

Olóko, Kuje

Alhaja, ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ.

Ẹ̀yin ará, mo ní oko kan lọ́nà Kuje. Apá kan wà tí mi ò gbin nǹkan sí, wáyà sì ti yí i ká. Adágún ẹja oníkọnkéré mẹ́ta wà níbẹ̀, àti ọ̀gọ́dọ̀ kan tí mo ní kí katapílà gbẹ́ kí n lè máa fi omi rẹ̀ rin tòmátì àti ata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo lè yọ̀ǹda apá yẹn láàárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun kan ń bà mí: àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá lẹ́yìn wáyà mi, ní pàtàkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá ti gbẹ. Èmi àti wọn ń gbé ní àlàáfíà, mi ò sì fẹ́ kí ajá ẹnikẹ́ni lé màlúù wọn.

Dókítà Ẹran, Kàdúná

Olóko, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ajá kankan kò gbọ́dọ̀ dé adágún oníkọnkéré. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ajá á bẹ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ kò ní rí ibi dì mú láti jáde, yóò máa yí po títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí àwọn kòtò òkúta tí omi kún ní Mpape ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú, ẹ má mú ajá lọ síbẹ̀ rárá. Ọ̀gọ́dọ̀ tí katapílà gbẹ́ yẹn dára, bí ẹ bá lè ní kí wọ́n fá etí kan rẹ̀ kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì da yanrìn sí i.

Ẹ tún máa wo àwọ̀ omi náà. Bí ohun kan bá bò ó lójú, tó tutù yọ̀yọ̀ tàbí tó dà bí ọ̀dà tí wọ́n dà sórí omi, ẹ dá wọn padà. Oró ewéko omi yẹn lè pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀. Omi tí ẹ bá fọ́n oògùn ata sí nítòsí rẹ̀ náà kò dáa. Kẹ́ ẹ sì máa jẹ́ kí wọ́n sinmi láàárín eré: ajá tó ń gbé bọ́ọ̀lù nínú omi léraléra ń gbé omi mì láìmọ̀, èyí tó bá pọ̀ jù ń mú un bì, ń mú un ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Ooru wá ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá, kí gbogbo eré ti parí kí oòrùn tó gòkè. Àwọn onímú pẹlẹbẹ bíi bulldog, àti ajá Caucasian tí irun rẹ̀ ki, àwọn ni ooru ń kọ́kọ́ mú. Ara ajá kì í sábà gbóná ju 39 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá kọjá 41, ewu ti dé. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dákẹ́, tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi sí i lára lójú ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ tó máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má kọ́kọ́ sáré wá ọkọ̀.

Ará Jos

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tọ̀dọ̀ wa ni mo fẹ́ fi kún un. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹran ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, wà ní Vom, lẹ́bàá Jos níbí. Wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé abẹ́rẹ́ kò sí lórílẹ̀-èdè wa.

Ẹ sì má fi ajá sílẹ̀ kó rìn jáde kúrò níwájú yín. Ní Plateau àti àwọn apá ibòmíràn, àwọn ènìyàn ń jẹ ẹran ajá, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Ajá tó bá rìn jìnnà sí olówó rẹ̀ lè má padà wá. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù mọ́ béèlì ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ Kubwa

Ibi tí mo ń retí kí ọ̀rọ̀ yìí dé nìyẹn. Ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ a kò kọ́ ọ̀pọ̀ ajá wa ní fèrè kankan rí. Orúkọ rẹ̀ tí a ń fi kígbe mọ́ ọn nígbà tó bá ṣẹ̀ kò lè pè é padà.

Ẹ ra fèrè kan, kí ẹ má sì lò ó fún ohun mìíràn. Nínú ilé, ẹ fọn ọ́n, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ sí àgbàlá. Tó bá yá, ẹ lo okùn gígùn níta, kó lè jìnnà láìsí pé ó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbàkígbà tó bá dáhùn, kó rí ohun dídùn gbà, ẹ má sì nà án láé nígbà tó bá padà wá, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ajá tó bá padà sọ́dọ̀ yín nígbà tí ajá mìíràn ń sáré níwájú rẹ̀ ti yẹ fún oko Olóko. Èyí tí kò bá padà, kó ṣì wà lókùn gígùn. Màlúù kò ní ṣe é ní nǹkan kan nígbà náà, òun náà kò ní ṣe màlúù.

Ará Gwarinpa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. Olóko, mo fẹ́ kí a dá owó jọ fún géètì kejì, wáyà àárín fún àwọn Lhasa, àti fífá etí ọ̀gọ́dọ̀. Èmi yóò kọ́kọ́ dá tèmi.

Ohun mìíràn tún wà fún ọjọ́ iwájú. Inú Barker Reservoir ni páàkì Houston yẹn wà, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kí omi òjò lè dúró sí kó má baà bo ìlú. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi bo ibẹ̀ pátá. Ilẹ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí ni wọ́n fún ajá. Àwa náà ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ létí àwọn odò tó gba inú Àbújá kọjá, ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé sí, tó sì jẹ́ pé pàǹtírí ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Bí a bá fi oko Kuje ṣe àpẹẹrẹ, tí a ní ìwé abẹ́rẹ́ gbogbo ajá lọ́wọ́, a lè kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ rò.

Alhaja, Wuse

Èyí dára. Ọmọ mi kan mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, màá bá a sọ ọ́.

Tuntun ní Bwari

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ajá ìbílẹ̀ ni mo ní, wọ́n ti fún un ní gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì ń dáhùn bí mo bá súfèé. Ṣùgbọ́n omi ń bà á lẹ́rù, kódà omi òjò kì í fẹ́ tẹ̀. Ṣé kí n gbé e jù sínú ọ̀gọ́dọ̀ kó lè mọ̀ ọ́n wẹ̀? Ṣé ẹ sì máa gba ajá tí kì í ṣe ti òyìnbó?

Ẹ̀ṣọ́ Kubwa

Má jù ú sómi, àbúrò. Ajá tí wọ́n jù sómi ń rántí rẹ̀, olówó rẹ̀ náà ni kò ní fọkàn tán mọ́. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọ inú omi títí dé kókósẹ̀, kó o jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Jẹ́ kó rí ajá mìíràn tó ń wẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti ẹsẹ̀ méjì iwájú bọ̀ ọ́, ó tó fún ọjọ́ yẹn. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, fi ọwọ́ gbé abẹ́ ikùn rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ má rì. Lẹ́yìn rẹ̀, nu inú etí rẹ̀ gbẹ, kó o sì yẹ àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Bí kò bá fẹ́ omi títí láé, pápá wà níbẹ̀ tó lè sá.

Olóko, Kuje

Ajá ìbílẹ̀ ni méjèèjì tó ń ṣọ́ oko mi. Mú tìrẹ wá. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rí. Katapílà yóò wá fá etí ọ̀gọ́dọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sì ti lọ bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ kí Sátidé àkọ́kọ́ tó dé, kí wọ́n mọ aago tí a máa wà níbẹ̀. Kí ẹ ti dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Kí kálukú mú ọ̀rá ìgbẹ́, abọ́ omi mímu àti aṣọ ìnura tirẹ̀ dání.